Mọ́tò Tí Kò Mọ Kétu

Ìbídùn àti ọkọ rẹ̀, Àkàngbé, jókòó sínú mọ́tò wọn tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń wa ara rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí mọ́tò náà ṣe ń to ìrìn-àjò wọn sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

"Ẹ ó wo ààfin Àgbómẹ́, ẹ ó sì jẹ ẹja yíyan ní Àjàṣẹ́," ni mọ́tò wí.

"Kétu ńkọ́?" ni Ìbídùn béèrè. "Mo fẹ́ rí ẹnubodè àtijọ́ ibẹ̀, kí n sì jẹ ọbẹ̀ àbúrò ìyá mi."

"Ọ̀nà ibẹ̀ ti bàjẹ́, mà."

Ara fu Ìbídùn. Lánàá, òjò ni mọ́tò náà fi ṣe àwáwí. Ó pe àbúrò ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọ̀nà wo ló bàjẹ́? Ọ̀dà tuntun ló wà níbẹ̀. Àwa olóúnjẹ la kọ̀ kí ẹ̀rọ àwọn tó ṣe mọ́tò yín tọ́ ọbẹ̀ wa wò, kí wọ́n má baà tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń sè é, kí wọ́n sì máa tà á kiri. Látìgbà náà, mọ́tò wọn kankan ò gbé àlejò wá síbí mọ́."

Ìbídùn pa fóònù. "Gbé wa lọ sí Kétu."

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó yíjú sí Àkàngbé, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna rẹ̀ ní Kétu lọ́jọ́ ìdána wọn. Máàpù tó wà níwájú mọ́tò, tí kò sí Kétu lórí rẹ̀, ni Àkàngbé tẹjú mọ́.

"Ìbídùn," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé ó dá ẹ lójú pé Kétu la lọ lọ́jọ́ náà?"