Pátákó fún Igbó Ìjọba

"Lásúnkànmí, pa ẹ́ńjìnnì yẹn." Ẹ̀ṣọ́ igbó sáré débẹ̀, ṣùgbọ́n ayùn ti jẹ ìrókò náà kọjá ìdajì. Ẹ̀ṣọ́ yìí nìkan ló kù tó ń ṣọ́ igbó ìjọba yìí.

"Ta ló ní kó o gé e, olè?"

"Ọ̀gá yín ní Ṣàgámù ni. Wọ́n ní ìjọba ò fún àwọn lówó pákó."

"Pákó kí ni?"

"Pátákó 'Ẹ Má Gégi Níbí' tẹ́ ẹ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu fún, bàbá. Ẹ sún sẹ́yìn, igi ti ń ya."

Ìrókò wó lulẹ̀ gbì.

Lásúnkànmí nu ojú. "Wọ́n ní kí n bi yín, igi wo lẹ fẹ́ ká kàn án mọ́?"

Ẹ̀ṣọ́ wò yíká. Kùkùté ló tò lọ títí dé ọ̀nà Irolu.