Àwọn Àlejò Màmá Ifádùnní

Gbogbo Sátidé ni àlejò máa ń wá sí ilé Saifudeen ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ayálégbé méjì péré ló wà nínú ilé náà, yàrá wọn sì kọjú síra. Abigail, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Moyin, wà lápá òsì. Màmá Ifádùnní, tó jù ú lọ dáadáa, wà lápá ọ̀tún. Ilẹ̀kùn Abigail ló sún mọ́ ìta jù, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kàn.

“Àgò onílé o!”

Abigail kì í dìde nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Kì í tilẹ̀ dá ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ̀ ẹ́ dúró, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹni náà dáadáa.

“Kì í ṣe ibí,” ni yóò pariwo. “Yàrá tó kọjú sí mi ni.”

Ẹni náà a yíjú sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn kejì yóò ṣí, tí Màmá Ifádùnní yóò kí i káàbọ̀, tí yóò sì fún un ní omi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Abigail. Ọkọ ló fẹ́ wá sí Ọ̀yọ́, láti ọjọ́ tó sì ti dé ló ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé òun ò lẹ́nì kankan nílùú yìí. Ó ń sọ ọ́ nígbà tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, tó sì gbé máṣíìnì kan wá sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ síta. Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Sókótó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Tó bá pè, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá pàdé.

“Màámi, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Èwo ni ọmọ iṣẹ́? Wọ́n ti ṣe fírídọ́ọ̀mù tán, ó parí náà nìyẹn.”

Ó ń jowú Màmá Ifádùnní, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ lórí ìyẹn. Obìnrin náà kò bímọ, síbẹ̀ yàrá rẹ̀ kì í dá. Ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Abigail gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń fẹ́, pé wọn kì í fẹ́ irú òun. Láti ojú fèrèsé, ó máa ń rí ẹ̀yìn àwọn tó ń lọ: ọ̀kan gbọ́mọ pọ̀n, òmíràn wọ bùbá tí ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa. Ẹni tó rán bùbá yẹn mọṣẹ́, ó sọ fún ara rẹ̀.

Nígbà kan ó gbọ́ tí àlejò kan ń béèrè nínú yàrá kejì pé, “Ṣé wọ́n ti ń jáde báyìí?”

“Rárá o,” Màmá Ifádùnní dáhùn. “Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ ṣáà máa wá.”

Abigail rò pé aláìsàn kan ni wọ́n ń sọ. Bí àlejò náà ti lọ tán, Màmá Ifádùnní kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ìyá Moyin, wá gba iṣu.”

“Ẹ máa jẹ ẹ́, Màmá. Ẹ̀yin ni wọ́n gbé e fún.”

“Bá mi gbà á, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kó dà bíi pé mo jí i.”

Ó gbà á, ó tilẹ̀kùn. Àánú ló kà á sí, iṣu náà kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Màmá Ifádùnní yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, egungun itan rẹ̀ sì kán. Saifudeen fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn Abigail.

“Wọn ò sí nílé!” ó pariwo.

Ẹni náà dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ.

Ilé náà wá pa rọ́rọ́. Abigail kò mọ̀ pé òun lè ṣàárò ohùn àlejò ẹlòmíràn. Ó sọ fún Saifudeen pé òun fẹ́ kó padà sí ìlú òun, Saifudeen sì wá ẹlòmíràn sí yàrá Abigail. Ní Sátidé kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí Timothy, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lè fi yàrá tó ṣófo nílé rẹ̀ hàn án. Ẹ̀yìn ilé ni yàrá náà wà, ògiri ni fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí.

“Àǹtí, ó ṣókùnkùn díẹ̀ o,” Timothy sọ.

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá mi wá.”

Láti ibẹ̀ ló ra búrẹ́dì, tó sì yà sí ọsibítù. Ó ti múra sílẹ̀ láti bá èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣófo.

“Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, mà,” nọ́ọ̀sì sọ. “Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́.”

Àánú ṣe Abigail. Inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀, ojú sì tì í pé ó dùn.

“Màmá, àwọn èèyàn yín dà? Gbogbo àwọn tó ń wá ní Sátidé?”

Màmá Ifádùnní gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí ló gbé ọ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́?”

“Mo fẹ́ kó padà wálé ni. Ẹlòmíràn ti fẹ́ gba yàrá mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ l'Ọ̀yọ́ pé mo ti lọ.”

Omijé bọ́ lójú Màmá Ifádùnní. Abigail kò rí i kó sunkún rí.

“Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ tipẹ́,” ó sọ. “Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí yàrá mi má baà dá.”

Ó di ọwọ́ Abigail mú, ó ní, “Ìyá Moyin, èmi gan-an ni mi ò lẹ́nì kankan l'Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ni gbogbo wọn, ìwọ ni wọ́n ń wá kí ní gbogbo Sátidé, ìwọ náà lo sì ń ní kí wọ́n kọjá sọ́dọ̀ mi.”