Ẹ̀gbọ́n Mi Tún Mímí Kọ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Oríyọmí. Ìlàjẹ ni wọ́n ti bí wa, ní abúlé kan tí wọ́n fi igi gbé gbogbo ilé rẹ̀ sókè lórí omi. A ti mọ ọkọ̀ tù kí a tó mọ ìwé kà. Ẹ̀gbọ́n mi mọ omi ju gbogbo wa lọ, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé báyìí ni wọ́n ń ṣe nínú omi.

Eré kan wà tí àwa ọmọdé máa ń ṣe. A ó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó jókòó sórí afárá á máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọrí ti fìdí rẹmi. Oríyọmí kì í yọrí títí wọn ó fi kà dé ọgọ́rin. Àwọn ọkùnrin tó jù ú lọ ń sá fún un.

Ṣùgbọ́n omi tiwa dúdú. Bí o bá lajú sínú rẹ̀, o kò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Bàbá wa fi ogójì ọdún pẹja níbẹ̀. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní, "Omi yìí ló bọ́ mi, n kò sì mọ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rí." Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, èmi á bá yín wo ìsàlẹ̀ òkun." Ó di nọ́ọ̀sì, ó bímọ, ó tọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ ní kí àwa méjèèjì lọ sinmi ní erékùṣù Sansibá, níbi tí òkun ti mọ́ gaara. Ibẹ̀ la ti rí àwọn tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń ti ẹnu mí, tí wọ́n sì ń wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ọjọ́ ti pé." Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ le. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Sàlímù, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ àwọn àlejò ní irú ìmòòkùn yìí, kọ́kọ́ kó ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn yòókù lọ síbi tí omi kò jìn. Ó ní, "Òfin kan ló ṣe pàtàkì jù: ẹ má sé èémí mọ́nú láé. Ẹ ṣáà máa mí." Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé. Ó fi èdè wa sọ fún mi pé, "Ọmọ kékeré yìí fẹ́ kọ́ mi ní mímí! Èmi tí wọ́n bí sórí omi!" Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dòní pé mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ síbi tó jìn díẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀, mò ń wò wọ́n kedere. Ẹja ńlá kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, àyà rẹ̀ já, ló bá ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára láti kékeré. Ó sé èémí, ó sì ta gìrì sókè. Sàlímù gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń nàka sí ẹnu rẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi mí jáde, kí wọ́n tó wá rọra gòkè.

Nínú ọkọ̀, Sàlímù jókòó tì í. Ó ní, "Màmá, bí èèyàn bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i. Bí ẹ bá sé e mọ́nú, ẹ̀dọ̀fóró yín á ya. Ẹ má bínú, n kò lè mú yín wọ ibú." Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù ká padà sílé.

Yéè, ẹ̀gbọ́n mi! Kò lè jẹun. Mo ní kó fi sílẹ̀, mo ní a ti dàgbà. Omijé ti dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ọjọ́ orí ló dá mi dúró, mo-mọ̀-ọ́n-tán mi ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, ohun tí ọmọ yẹn sọ yé mi. N kò fẹ́ gbọ́ ni." Ó dìde, ó lọ bá Sàlímù létí òkun, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ pé, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹni tí kò rí omi rí." Bẹ́ẹ̀ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ju ọmọ náà lọ!

Sàlímù rò ó díẹ̀. Ó ní, "Màmá, bí ẹ bá ti ń mí jáde, ẹ máa kun orin lọ́fun. Ẹni tó ń kọrin kò lè sé èémí." Orin tí Bàbá fi ń tukọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi mú. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń kùn ún nínú omi tí kò jìn. Sàlímù á bọ́ gíláàsì kúrò lójú rẹ̀ lójijì, á tún dẹ́rù bà á láti ẹ̀yìn. Kò sé èémí mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wọ ibú. Mò ń wo bí omi ti ń hó lókè orí rẹ̀: á hó, á dúró, á tún hó. Mo mọ ibi tó dé nínú orin náà, mo bá a kọ ọ́ títí tó fi yọrí.

Ó yọ ẹ̀rọ tó fi ń mí lẹ́nu, ó pariwo, "Àbúrò, iyùn ni! Iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́rùn, ó kún ìsàlẹ̀ bí igbó!" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Bàbá, mo ti bá yín wò ó." Orí mi wú, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni o!

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí yín lọ́wọ́ láti kọ́ ohun tí ẹ kò mọ̀, kódà bó jẹ́ ọmọdé ló fẹ́ kọ́ yín. Àgbàlagbà tó gbà láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì pẹ́ jù.

Kí a tó lọ wọ bààlúù lọ́jọ́ kejì, Sàlímù bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún, àwọn àlejò mẹ́jọ tí wọn kò gbọ́ Yorùbá kankan sì ń kun orin Bàbá wa tẹ̀ lé e.