Ẹgbẹ́ Tó Mọ Oorun Sùn

Ẹ bá kóòṣì wa yọ̀ o.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Àwọn òmùwẹ̀ yunifásítì wa ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ti tò sétí omi, èmi ń ká táwẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kóòṣì Halvorsen na fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Aago ọwọ́ tí mo ní kí ẹ máa dè sùn ti ròyìn oorun yín sórí fóònù mi! Gbogbo yín lẹ sùn fọnfọn. Ẹni tí kò bá sùn, kò ní lúwẹ̀ẹ́ fún mi, ẹ kúkú mọ̀."

"A mọ̀, sà!"

Tierney, tó fi gbogbo òru kàwé ìdánwò, ń tòògbé lórí ìdúró. Marisol, tó tò tẹ̀ lé e, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Kóòṣì ní, "Ẹ tún wo iṣẹ́ ìyanu! Ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo yín sùn, ìṣẹ́jú kan náà lẹ jí. Ìṣọ̀kan nìyẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọlọ́gbọ́n ni kóòṣì wa.

Ó wá kọjú sí mi.

"Corinne, ká ní o mọ oorun sùn bíi tiwọn ni, ǹ bá má yọ ẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́."

"Mo ti ń kọ́ ọ, sà."

Mo rọra fa ọwọ́ aṣọ mi wálẹ̀, kó má baà rí àpá aago gbogbo wọn tí mo dè mọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́ sùn lánàá.