Ará Tógò

"Níbo lẹ ti wá?" ni akọ̀wé ìjọba tó ń pín káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fáwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè l'Ágége bi bàbá iwájú ìlà.

"Tógò. No Yorùbá."

Gbogbo ìlà ló wá láti Tógò, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá.

Akọ̀wé dìde bí ẹni fẹ́ lọ bu omi, ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ kọ àga, ó ṣubú gbì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ẹ ò fara pa?" ni gbogbo wọn sọ.

Aboyún tó wà lẹ́yìn pátápátá nìkan ni ò fọhùn. Ó wá fà á dìde. Òun ni akọ̀wé fún ní káàdì.

"Ẹ̀yin yòókù, ẹ bá mi kí wọn ní Tógò."

"Wọ́n á gbọ́," ni bàbá iwájú dáhùn.