Na Ọwọ́ Òsì Wá

Ní ìlú wa, kò sẹ́ni tó ń lọ sóko láàárọ̀ láì kọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀tún ni wọ́n ń kọ́kọ́ nà, òsì á tẹ̀lé e, ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ á sì wọn agbára ẹ̀jẹ̀ nínú apá méjèèjì.

Lónìí, àlejò kan tó ń jẹ́ Fárónbí na ọ̀tún, ó fi òsì pamọ́ sẹ́yìn. Ó ń làágùn. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun bí ìgbà téèyàn ń fa aṣọ ya.

"Òsì dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ti tó ìyá mi. Mi ò lè na ọwọ́ òsì sí yín."

"Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa nílé. Na òsì wá."

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, mo dì í mú. Bí mo ṣe gba òsì náà, ìbọ̀wọ́ mi pọ́n: ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò lágbára tó tọ̀tún rárá. Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn ti ya.

A kò gbé e lọ sí ìlú ńlá kankan. Èmi àti Dókítà Mopélọ́lá, ọmọ tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ níbí, la ti ojú itan Fárónbí ki aṣọ tín-ín-rín kan, tí a ká bí ẹní, wọ inú iṣan náà. Ó tẹ́ ara rẹ̀ síbi tó ya, ó dí i. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tá a fi parí.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ wò ó. Kò tíì lè dìde.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí, ó sì na òsì sí mi.

Mo ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ lásán ni mo fi gbà á, iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ń lù dáadáa.