Ilé Tí Wọ́n Fi Màlúù Fà Sọ̀kalẹ̀ Òkè

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí ti dé orí fóònù yín tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka tèmi dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ káàkiri erékùṣù Chiloé ni pé Eliecer Nahuelquín fẹ́ fa ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń san gbèsè rẹ̀ gbé sá. Pé nígbà tí ìyàwó náà tètè ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin náà yọ́ wá fi ayùn rẹ́ igi abẹ́ ilé. Èmi kò gbà á gbọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ jù ni àwọn tó di okùn mú lọ́jọ́ tí wọ́n fa ilé náà.

Ìkíní

Eliecer àti Edelmira Barría jọ yá owó ní báǹkì, wọ́n fi ra ilé onípákó kan lórí òkè, irú èyí tí àwọn ará erékùṣù náà máa ń fi màlúù fà lódindi láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, pẹ̀lú ilẹ̀ tó dúró lé. Àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sí ìwé. Ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n fi dógò. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn tú, ọkọ kó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja lójú òkun. Ìyàwó àti Yasna, ọmọ wọn, dúró sínú ilé. Ọ̀rọ̀ adájọ́ kò lọ́jú pọ̀: kí ẹnì kan ra ìpín ẹnì kejì, tàbí kí wọ́n ta ilé, kí wọ́n san ti báǹkì, kí wọ́n sì pín ìyókù.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò fọkàn tán mọ́, bó bá kí wa pé ẹ káàárọ̀, a ó kọ́kọ́ yọjú wo oòrùn.

Èkejì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Eliecer wá wọn ilé kí wọ́n lè dá iye lé e. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ilé. Nolfa, ẹ̀gbọ́n Edelmira, ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Edelmira, wá wo ọkọ rẹ."

"Kì í ṣe ọkọ mi mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa, wá wo olè rẹ. Ẹni tó fẹ́ ta ilé, òrùlé ló ń wò. Ẹni tó bá ń wo abẹ́ ilé, ó fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀ kó fi màlúù fà á lọ ni. Àbí o ti gbàgbé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lódìkejì odò?"

Eliecer dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ nù, ó sì kígbe láti ẹnu ọ̀nà: "Ìyá Yasna! Igi abẹ́ ilé yìí ti jẹrà o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mì ín."

"Ẹ kú làálàá, Bàbá Yasna! Kí iye rẹ̀ lè já wálẹ̀, kí ẹ wá rà á lọ́ọ̀fẹ́, àbí?"

"Mo ti sọ tèmi o."

Ó tẹ fìlà mọ́rí, ó sì bá òjò sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ẹnu tó ti jáde ni Edelmira yẹ̀ wò. Kò yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta

Nolfa kò sinmi. "Ilẹ̀ ni báǹkì mọ̀. Ilé kò ní gbòǹgbò. Fà á wá sórí ilẹ̀ màmá wa, kí ọkùnrin yẹn àti báǹkì máa pín koríko."

"Bó bá bínú ńkọ́?"

"Kó bínú sí màlúù."

Irọ́ ni Nolfa pa. Ilé wà nínú ìwé náà. Síbẹ̀, Edelmira bẹ ọ̀wẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí Eliecer wà lójú òkun. Aládùúgbò kó màlúù wá, wọ́n ti igi gbọọrọ bọ abẹ́ ilé, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Bàbá Cárcamo, tó ń darí màlúù, béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ rẹ mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀, Bàbá."

Kò mọ̀. Ilé náà mì, ó rìn, àwọn ènìyàn hó yè. Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, igi abẹ́ rẹ̀ ṣẹ́. Ògiri yà, òrùlé sì wó wọ inú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Kuránto, ẹja àti ẹran tí wọ́n fi òkúta gbígbóná sè sínú ilẹ̀ fún àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀, ti jinná nínú ihò; wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì da màlúù wọn lọ sílé.

Ẹ̀kẹrin

Báǹkì gba ilẹ̀. Ilẹ̀ nìkan kò ká gbèsè. Ìyókù wà lọ́rùn àwọn méjèèjì títí di òní. Yàrá ẹ̀yìn ilé màmá rẹ̀ ni Edelmira àti Yasna ń sùn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ayùn bẹ̀rẹ̀. Mo lọ wo igi náà fúnra mi. Ó ń rún mọ́ni lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ibi tí ayùn bá gbà kọjá kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ mi nìyí: ẹ̀yin tí ẹ jọ fọwọ́ sí gbèsè ilé, ìfẹ́ lè tán, gbèsè kì í bá a tán. Ohun tí ẹ bá ń fura sí, ẹ bi ara yín lójú ẹlẹ́rìí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò jù a máa pa aláìsàn. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.

Bí ẹ bá sì máa pín ìtàn yìí, ẹ fi èyí kún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa ilé, ilẹ̀ tó wà lódìkejì odò kì í ṣe ti Eliecer mọ́. Ó ti tà á kí òtútù ọdún náà tó dé, ó sì ti fi owó rẹ̀ san owó tó ti pẹ́ tí wọn kò san nínú gbèsè báǹkì, kí wọ́n má baà lé Edelmira àti Yasna síta. Mo bi Eliecer pé kí ló dé tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Mo rò pé bó bá gbọ́, yóò ní kí n fún òun ní ìpín nínú ilẹ̀ bàbá mi."